Bíbélì Yorùbá onílẹ́tà ńlá tí a fi gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Lẹ́ńtì ọdún 2025 ni mo ra Bíbélì Mímọ́ onílẹ́tà ńlá kan ní ilé ìtàwé kan níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ₦14,000 ni mo sì san lé e lórí. Màámi ni mo rà á fún, nítorí pé ojú wọn kò gbé lẹ́tà wínníwínní inú èyí tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbé ọwọ́ lé wọn lórí mọ́. A lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ títí dé òpin rẹ̀, a sì ń lò ó títí di òní, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó kàn ṣí ìwé wò lórí àtẹ tó sì dá a padà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ààwẹ̀ tí mo ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, n kò sì pa á jẹ rí àfi nígbà àìsàn. Mo máa ń pa oúnjẹ tì láti àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ka ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, nígbà tí aago bá sì lù, màá jẹun. Bíbélì mi wà nínú àpò tí mo ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló sì máa ń wà títí di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ààwẹ̀ wà lọ́tọ̀, Ìwé Mímọ́ wà lọ́tọ̀. Ìwé tí mo ń ṣàgbéyẹ̀wò yìí ló mú méjèèjì pàdé nínú ilé wa, ohun tó sì jẹ́ kó lè ṣe é kò ju pé a lè kà á sókè, ní èdè tí a fi ń sọ fún ara wa pé ebi ń pa wá.

Ìwé náà tóbi. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó le, wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ sí i lára, rìbọ́nnù pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tí a fi ń sàmì sí ibi tí a kà dé. Lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere débi pé Màámi, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 78, ń kà á lábẹ́ iná sólà kékeré láìgbé e sún mọ́ imú. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bí àtàǹpàkò ẹni bá lóòógùn, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì kánjú yóò fà á ya. Ó wúwo pẹ̀lú. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni a ti ń gbé e lé orí ìrọ̀rí, nítorí pé itan Màámi kò gbà á fún ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ìtumọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni ti àtijọ́, èyí tí wọ́n tún ṣe tó sì jáde ní 1900. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, bíi Thomas King, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣe. Ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù ni Crowther kọ́kọ́ gbé jáde ní 1850. Odindi Bíbélì kò parí títí di 1884. Ìtumọ̀ tuntun wà lórí àtẹ nígbà tí mo lọ, mo sì gbé e lọ́wọ́ wò, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni Màámi mọ̀ sórí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n máa bá ìwé jiyàn nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n.

Ọjọ́rú Eléérú bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹta. Ẹni tó bá ń lo Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà mọ̀ pé ibi méjì ni a máa ń kà lọ́jọ́ náà: Jóẹ́lì orí kejì, láti ẹsẹ 12, àti Mátíù orí kẹfà, láti ẹsẹ 16. Màámi ní kí n ka ti Jóẹ́lì fún àwọn kí a tó lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Mo ṣí ìwé, mo wá Jóẹ́lì, n kò rí i. Mo padà sẹ́yìn, mo bá Dáníẹ́lì. Mo kà á dé ìparí orí kẹsàn-án, mo ṣí ewé tó tẹ̀ lé e, Èsékíẹ́lì ni mo tún bá níbẹ̀, àwọn orí kan náà tí mo ti rí sẹ́yìn. Àwọn tó di ìwé náà ti fi ìdì ewé kan sí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti yọ òmíràn sílẹ̀. Ìyókù Dáníẹ́lì, gbogbo Hóséà, gbogbo Jóẹ́lì àti ìbẹ̀rẹ̀ Ámósì kò sí nínú Bíbélì tí mo fi ₦14,000 rà.

Inú mi kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n Màámi ní kí n má pa ìwé náà dé, pé kí n ka ohun tó bá wà níwájú mi, ohun tó sì wà níwájú mi ni Dáníẹ́lì orí kẹsàn-án. Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tẹ́tí sí bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra wọn níbẹ̀ rí. Ní ẹsẹ kejì, Dáníẹ́lì ń kàwé. Nínú ìwé Jeremáyà wòlíì ló ti rí i pé àádọ́rin ọdún ni Jerúsálẹ́mù yóò fi wà ní ahoro. Ẹsẹ kẹta ló wá sọ pé ó kọ ojú rẹ̀ sí Olúwa Ọlọ́run, pẹ̀lú àdúrà àti ẹ̀bẹ̀, pẹ̀lú ààwẹ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ àti eérú. Ìwé ló kọ́kọ́ kà. Ohun tó kà ló lé e dé inú ààwẹ̀, ohun náà ló sì fi ṣe àdúrà: kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ ló gbé síwájú, ohun tí Ọlọ́run ti sọ ló mú padà tọ Ọlọ́run lọ. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí kò pé lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ogún ọdún ni mo ti fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kẹta.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé ìwé náà padà lọ sí ilé ìtàwé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ dá mi lóhùn pé, “Sà, ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà mọ́ o.” Ó sì nawọ́ sí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. N kò bá a jiyàn, mo kàn ṣí Dáníẹ́lì fún un. Ìyá tó ni ilé ìtàwé náà gbọ́ ohùn wa láti ẹ̀yìn, wọ́n jáde wá, wọ́n wo ìwé náà, wọ́n sì yọ gíláàsì ojú wọn. “Ẹ má bínú, Brọ̀dá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.” Wọ́n gbé mẹ́ta mìíràn sílẹ̀ láti orí àtẹ. A jọ ń ṣí wọn ní ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka orúkọ ìwé, èmi ń ka nọ́ńbà ojú ewé. Èkíní ní ewé kan tó ti ya ní Ẹ́sítérì. Èkejì pé, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù kò mú ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni mo gbé lọ sílé, ó sì lé ní wákàtí kan kí a tó dórí rẹ̀. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lé e, wọ́n sì yọ bébà ara ògiri náà lójú mi. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í dá ohun tó bàjẹ́ padà, a máa ń kùn lọ sílé ni, ẹni tó tà á kò sì ní mọ̀.

Nípa bí a ṣe kà á, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè fi tiwa ṣe ìṣirò. Láti Ọjọ́rú Eléérú títí di ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ 46. Bí a bá yọ ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà kúrò, 40 ló kù, nítorí pé a kì í gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní orí 89, Ìwé Sáàmù sì ní 150. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 239, tó fi jẹ́ pé orí mẹ́fà lójúmọ́ yóò parí gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ 40. Sáàmù méjì ní ìdájí, Ìhìnrere lọ́sàn-án, Sáàmù méjì tó kù ní ìrọ̀lẹ́ kí a tó jẹun. Ọjọ́ tí a dé Sáàmù 119 nìkan ni ètò náà yí padà. Ẹsẹ 176 ló wà nínú rẹ̀, ìpín 22 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ, ọjọ́ méjì ni a sì fi kà á.

Kíkà á sókè ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí mo bá ń fi ojú nìkan kà á, n óò ti fò kọjá ibi tó le, ebi yóò sì mú mi máa wo aago. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn bá jáde, ẹlòmíràn ń gbọ́, a kò lè sáré. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìkọ́kọrẹ́ ti ń hó lórí iná ní ẹ̀yìnkùlé, tí òórùn ẹja yíyan àti epo pupa ti gba ilé kan, tí Sáàmù 109 sì wà níwájú wa. Ó gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì gbóná. Nígbà tí mo dé ẹsẹ 24, níbi tí Dáfídì ti ń sọ pé eékún òun kò lókun mọ́ nítorí ààwẹ̀, Màámi gbé ọwọ́ lé eékún tiwọn, wọ́n ní, “Ó rí i bí mo ṣe rí i.” A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ Sáàmù yẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbààwẹ̀ lóòótọ́, tí kì í ṣe ẹni tó ń bínú nìkan.

Èdè ìtumọ̀ àtijọ́ yìí ni ó mú mi nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ohun tí àwa Yorùbá mọ̀ sí ara ni wọ́n fi sọ ohun tó jẹ́ ti ọkàn. Nínú Lẹ́fítíkù orí 16, a kò sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n má jẹun. A ní kí wọ́n pọ́n ọkàn wọn lójú. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ìpọ́njú jẹ́. Kì í ṣe ikùn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nínú Mátíù orí kẹfà, Olúwa wa kìlọ̀ pé kí a má ṣe fajúro bí àgàbàgebè, ìyẹn “fajúro” gan-an tí a máa ń sọ fún ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Èmi tí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi máa ń mọ̀ pé Lẹ́ńtì ti dé nítorí pé n kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn dáadáa lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìwé náà fi bá mi wí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ́jú, tí mo ń fi ìpara pa ara, tí mo sì ń kí ènìyàn kí wọ́n tó kí mi.

Jóẹ́lì tí a kò rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a kà á lọ́jọ́ Ẹtì, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni a ti ní kí wọ́n fa àyà wọn ya, kì í ṣe aṣọ wọn. Ibẹ̀ náà ni mo sì ti mọ àléébù tó tóbi jù nínú ìwé yìí, èyí ni pé àmì ohùn kò pé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní orí kẹta, níbi tí a ti ní kí wọ́n fi irin ìtúlẹ̀ rọ idà kí wọ́n sì fi dòjé rọ ọ̀kọ̀, mo pe ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn bí ẹni ń pe ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Màámi kò ṣí ojú. “Tún un kà. Ọ̀kọ̀ ni, èyí tí jagunjagun ń gbé.” Wọ́n mọ̀ ọ́n sórí ni, ẹni tí kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílé ńkọ́? Ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú ti pẹ́. Láti 1974 ni a ti fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé báyìí, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, “aiye” ni wọ́n kọ fún ayé, “enia” fún ènìyàn, “nyin” fún yín, wọ́n sì ń fi àmì bí ejò kékeré sórí fáwẹ̀lì kan dípò kí wọ́n kọ fáwẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mejì, tó fi jẹ́ pé ààwẹ̀ gan-an tí a tìtorí rẹ̀ ra ìwé, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 rí “on” tí wọ́n kọ fún òun, ó sì kà á bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbà á tó ọ̀sẹ̀ kan kí ojú rẹ̀ tó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ń kà á já gaara, mo sì gbà pé wàhálà ọ̀sẹ̀ kan náà kò ṣòfò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí mọ̀ ṣáájú kó má baà di pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sú ọmọ nítorí lẹ́tà.

Ọdún 2025 ní nǹkan kan tí kò wọ́pọ̀: ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹta, ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú tiwa. Ìjẹ̀bú-Òde ni a wà, ilé tí kò ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lábẹ́ òrùlé kan kò pọ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alájà, ń gbé ní yàrá tó kọjú sí ti Màámi. Àwọn ni wọ́n ń jí wa ní àsìkò sààrì, àwa náà sì ti ń lo àkókò yẹn láti ka Sáàmù ìdájí. Nígbà tó di pé ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀, a ti dé Lúùkù orí kìn-ín-ní, mo sì ń kà nípa Sakaráyà àlùfáà. Alájà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n bi mí pé, “Ìwọ, àlùfáà wo ló wà nínú Bíbélì? Ṣé Mùsùlùmí ni Sakaráyà ni?”

Ìbéèrè gidi ni, mo sì dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ. Nígbà tí Crowther ń wá ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yóò gbọ́, ó bá àwọn kan lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ṣáájú àwọn oníhìnrere dé, kò sì tì wọ́n sẹ́yìn. Àlùfáà wà lára wọn, àdúrà wà lára wọn, ìwàásù náà sì wà níbẹ̀. Lúùkù orí kìn-ín-ní yìí kan náà ló ti mú ẹsẹ 35 nígbà tó kọ́kọ́ ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, lọ́jọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1844, níwájú àwọn Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí bí wọ́n ti kó òun náà. Alájà gbọ́ ọ, wọ́n ní, “Ó dára tí kò kọ ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni.” Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé àga wọn súnmọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí a bá ń kà, wọn kò yí ẹ̀sìn wọn padà, àwa náà kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí i. Ìṣínu ni a ń jọ jẹ.

Màámi kì í gba ààwẹ̀ bí tèmi, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí fetí sí i dáadáa. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà wọn ní kí wọ́n jẹun àárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn, kí wọ́n sì máa mu omi, fíkà wa náà sì fọwọ́ sí i; oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, aboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé kíkà kò nílò ìyọ̀ǹda dókítà, ẹni tí kò bá lè pa oúnjẹ tì lè wà pẹ̀lú wa ní gbogbo orí 239.

Oúnjẹ ọ̀sán tí Màámi fi sílẹ̀ yìí ló bí ohun tí n kò retí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ní kí n ka Aísáyà orí 58 fún àwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ètò wa. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ wí, tí wọ́n ń béèrè ìdí tí òun kò fi rí i, nígbà tó jẹ́ pé lọ́jọ́ ààwẹ̀ náà gan-an ni wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Ó ní ààwẹ̀ tí òun yàn ni kí a tú ìdè ìwà búburú, kí a sì fi oúnjẹ wa fún ẹni tí ebi ń pa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo bá Màámi ní ilé ìdáná. Wọ́n bu ìrẹsì agolo kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọn ì bá sè jẹ lọ́sàn-án, wọ́n fi ìka gé orí rẹ̀ kó dọ́gba pẹ̀lú etí agolo, wọ́n sì dà á sínú ike kan tó ní ìdérí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tó bá di Sátidé, wọn yóò fi ìgò epo kékeré kan sí i, wọn yóò gbé e jáde. Ẹni tí wọ́n ń gbé e fún, wọ́n ní kí n má sọ, Mátíù orí kẹfà náà sì wà lẹ́yìn wọn.

Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí n kò fi lo Bíbélì inú fóònù, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Mo ti lò ó. Ó dára fún inú ọkọ̀ láti ibí lọ sí Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n nígbà ààwẹ̀, ọwọ́ tó wà lórí fóònù yóò wá ohun mìíràn jẹ, iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ yóò sì máa wọlé láàárín ẹsẹ méjì. Ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà míì tí mo bá ń ka ìtumọ̀ yìí, mo máa ń rántí pé ilẹ̀ tí a wà ti gbààwẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892 ni ẹ̀sìn Kristi tó ráyè wọ Ìjẹ̀bú dáadáa. Ní 1918, nígbà tí ọ̀fìnkìn tó jà káàkiri ayé ń pa ènìyàn, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Ṣadarẹ àti Sophia Odunlami wà lára wọn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ẹgbẹ́ àdúrà tí gbòǹgbò ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ti inú rẹ̀ yọ. Ọdún 18 péré ni ìtumọ̀ 1900 ti wà nígbà náà. Ní Ògèrè ní Rẹ́mọ, Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú, tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà tẹ́lẹ̀, dá ìjọ Aládùúrà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1930, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ sì ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ 13 ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún títí di ọjọ́ àjọ̀dún Òkè Tábórà. N kì í ṣe ọmọ ìjọ méjèèjì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ àti Bíbélì jẹ́ ohun tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ kó wá láti ìlú ńlá, ó máa ń dùn mí pé a kò mọ ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa.

Ẹni tó yẹ kó ra ìwé yìí ni ẹni tó fẹ́ kà á sókè nínú ilé, pàápàá tí àgbàlagbà bá wà níbẹ̀ tó lè tọ́ ohùn rẹ̀ sọ́nà. Ẹni tó fẹ́ àlàyé nísàlẹ̀ ojú ewé kò ní rí i níbẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ gbé Bíbélì rìn kiri kò ní lè gbé e. Fún ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá níléèwé, ìtumọ̀ òde òní tó ní àkọtọ́ tuntun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ti wa ti ń tú díẹ̀ ní apá ibi tí Sáàmù wà, nítorí pé ibẹ̀ ni a ń ṣí jù. Mo ti gbé e fún ẹni tó ń di ìwé, ó sì fi òwú rán an.

Lẹ́yìn Àjíǹde, mo rò pé a óò máa pín ìwé náà lò. Màámi kò pín in pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ni ó ń sùn, rìbọ́nnù pupa náà sì ti kọjá Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, ó ti wọ Róòmù. Mo padà lọ sí ilé ìtàwé náà láti ra tèmi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà dá mi mọ̀, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ fún mi láti orí àtẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí i sí Jóẹ́lì kí n tó mú owó jáde.